Yàrá Tó Kọjú sí Òkun

Ọmọ mi obìnrin, Ròkíbà, ló dá ọ̀rọ̀ òkun sílẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé padà láti ọlidé ni, tíṣà wọn sì ní kí olúkúlùkù ya àwòrán ibi tó ti lo tirẹ̀. Àwa ò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí bébà òun ṣófo, ló bá ya ọ̀sà Ìwòpin tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún un: omi dúdú, ọkọ̀ onígi, obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi. Àwọn ọmọ tó jókòó tì í fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òkun kì í dúdú. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ ló yà.

Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní, “Mọ́mì, kí ló dé tí àwa kì í lọ sí òkun?”

Mo ní a máa lọ. Mi ò tíì bi bàbá rẹ̀, mi ò tíì wo àpò wa, mo kàn ní a máa lọ.

Tíṣà ni mí kí n tó kúrò nílé. Yunifásítì Àgó-Ìwòyè ni mo ti kàwé, iléèwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo sì ti ń kọ́ni. Bí mo bá ń kọjá lọ sílé ní Òkè-Sopẹn, àwọn ọmọ á sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a dé ìlú òyìnbó, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ wọn, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó wo ọwọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó ní kí n má fi kàn òun. Nígbà tó bá ti yàgbẹ́ sára, ọwọ́ yẹn náà la fi ń nù ún. Bí mo bá sì ń nù ún lọ́wọ́, á máa tutọ́ sínú omi ìwẹ̀ náà. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó di ọjọ́ kan tó gba tíì lọ́wọ́ mi, tó mu ún láì kọ́kọ́ yẹ inú ife wò. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Ohun tí mi ò mọ̀ kí n tó wá ni pé èèyàn lè gbé láàárín èèyàn kí etí rẹ̀ máa wá ohùn kiri. Àwọn tí a jọ ń gbé nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ò kí wa. Mo ń kí wọn títí ó fi sú mi. Èdè tí mò ń sọ lẹ́nu iṣẹ́ ò kọjá “gbé ẹsẹ̀ sókè” àti “ṣé ó gbóná jù?” Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni ìyá mi máa ń pè láti Òkè-Sopẹn. Yóò sọ ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, iye ìgbà tí iná wá. Màá pa ẹ̀fọ́ tí mò ń rẹ́ tì, màá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, màá gbé fóònù sétí. Ilé tí mo ní nígbà náà ò ju ohùn yẹn lọ.

Nígbà tó wá kù díẹ̀ kí iléèwé gba ọlidé mìíràn, èmi àti ọkọ mi jókòó láti yan ibi tí a máa dé sí. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò mọ̀. Nílé, ẹnikẹ́ni kì í yan ibi tó máa sùn sí létí omi. Nígbà tí bàbá mi bá mú mi lọ ra ẹja ní Ìwòpin, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí la ń sùn. Ẹni tí a ò mọ̀ rí á tẹ́ ẹní fún wa, á bu ẹ̀bà, á sì béèrè ọmọ ta ni wá lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Níhìn-ín, àwòrán ni wọ́n fi ń tan èèyàn. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti dé ibẹ̀ rí kọ ohun tí ojú wọn rí síbẹ̀, àkọsílẹ̀ wọn ni mo sì ń kà bí ẹni ń ka Kùránì.

Ọkọ mi, ọmọ ìlú Awà, fẹ́ràn ilé onítáyà, irú èyí tí wọ́n tò gbọọrọ sórí pápá nítòsí òkun. Ó ní ìdáná wà nínú rẹ̀, a lè se oúnjẹ wa, àwọn ọmọ lè pariwo. Mo ka àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé òun ń gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń họra. Òtẹ́ẹ̀lì ni Ròkíbà mú, torí pé omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ tí èèyàn ti lè yọ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ ga, kò ní irin, bẹ́ẹ̀ Àbídì ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í rí ohun tó ga kó má gùn ún.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ìyá mi fi pè. Mo sọ fún un.

“Ọma mi,” ló wí, bí a ti ń pe ọmọ ní Ìjẹ̀bú, “kí lẹ ń wá kiri? Ṣé Kúdí ò sí níbẹ̀ ni?”

“Kúdí wo, Màámi?”

“Kúdí ọmọ Àlájà Sídí. Etí òkun nílé rẹ̀ wà, ó sì ń gba àlejò. Ẹ fẹ́ lọ máa sùn lọ́dọ̀ àjèjì, ọmọ ilé wa nílé níbẹ̀!”

Àlájà Sídí ti Àgó-Ìwòyè ni ọ̀rẹ́ ìyá mi tímọ́tímọ́. Inú ẹgbẹ́ àṣàlátù ni wọ́n ti pàdé, ìgbà tí ẹsẹ̀ ìyá mi sì dá, obìnrin náà ló fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ tó wá ń gbé tì í títí ó fi rìn. Èmi wà níhìn-ín nígbà yẹn, mò ń sunkún sórí fóònù.

Kúdí fi àwòrán yàrá ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Fèrèsé ńlá kan ni, òkun kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, búlúù, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ròkíbà fi ìka kàn án. Ó ní, “Èyí.”

Ọkọ mi nìkan ni kò yára dáhùn. “Ìyá Ròkí,” ló wí, “òyìnbó tí mi ò mọ̀, bó bá ṣẹ̀ mí, mo lè bínú kí n sì ti ilẹ̀kùn mi. Ẹni tó mọ ìyá rẹ, ṣé o lè bínú sí i?”

“Kí ló máa fà á tí a fi máa bínú? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni.”

“Ìyẹn náà ni mò ń sọ.”

A sanwó yàrá náà, iye tí gbogbo àlejò ń san, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin.

Obìnrin gíga ni Kúdí, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kí i lédè Ìjẹ̀bú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn, ó sì ní kí a gba ẹ̀yìn wọlé, torí pé yanrìn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lè ba kápẹ́ẹ̀tì iwájú jẹ́. A ò tíì dé etí òkun. Kò tíì sí yanrìn kankan lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ó mú wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Fèrèsé kékeré kan ló wà lókè ògiri níbẹ̀, ó ṣe déédéé ojú ọ̀nà. Nígbà tí Àbídì gun bẹ́ẹ̀dì láti wo ìta, bàtà àwọn tó ń kọjá ló rí.

“Àǹtí,” ni mo wí, “èyí tí ẹ fi hàn wá ńkọ́?”

“Ẹ̀n-ẹ́n, tọkọtaya kan pẹ̀lú ọmọ wọn ló gbà á.” Ìgbà yìí ló wá sọ Yorùbá, ó sì rọra sọ ọ́. “Àlejò ni wọ́n, ẹ̀yin ni ará ilé. Ṣebí àlejò ni wọ́n kọ́ wa pé kí á fún ní ibi tó dára? Tàbí ẹ ti gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé?”

Ó fi ohun tí ìyá mi kọ́ mi dè mí. Ó ní kí a máa jẹun àárọ̀ lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti jẹ tán. Ó ní kí a má sọ Yorùbá lórí àtẹ̀gùn, torí pé bí a bá ń sọ ọ́, ńṣe ló ń dà bíi pé a ń jà, ẹ̀rù sì máa ń ba àwọn èèyàn. Àwọn àlejò ń pè é ní Kéètì. Ọkọ mi tú ẹrù. Mo mọ̀ pé ó ń rántí ilé onítáyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkun ò mọ yàrá tí a sùn sí. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Àbídì kọ́kọ́ sá fún omi, ó ké, ó rọ̀ mọ́ itan mi. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ ọn díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tọ́ ọ wò, omi náà fà sẹ́yìn. Ọmọ náà rò pé òun ló lé e. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kiri, ó ń pariwo “Lọ! Lọ!” ní Yorùbá, èdè tí kì í fẹ́ẹ́ sọ nílé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sínú omi tòun ti ṣòkòtò. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí láti ìgbà tí a ti wá. Ròkíbà rí ọ̀rẹ́, Élà, ọmọ àwọn tó wà ní yàrá òkè. Àwọn méjèèjì gbẹ́ ihò títí omi fi sun nínú rẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun fẹ́ràn Ọlọ́run.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kúdí kan ilẹ̀kùn wa. Ọkọ mi àti Àbídì ti jáde lọ wo omi.

“Àbúrò mi,” ló wí, ní Ìjẹ̀bú gidi, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Àgó, “ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ò wá. Jọ̀ọ́, wá ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀.”

Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn. Láti ìgbà tí a ti dé, òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ bí ènìyàn. Mo fi Ròkíbà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo so aṣọ ìdáná mọ́dìí, mo din ẹyin, mo fọ abọ́, mo ń gbé tíì lọ sí yàrá ìjẹun. Nínú ilé ìdáná, a ń sọ̀rọ̀ nípa ilé. Ó béèrè bóyá wọ́n ti tún ọ̀nà Ìlápòrú ṣe. Mo rò pé ara rẹ̀ ti ń wálẹ̀ sí mi.

Ọwọ́ mi kún fún àwo tíì nígbà tí mo rí Ròkíbà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun. Ó ń wá mi ni. Élà rí i, ó pè é, ó sún àga fún un. Ròkíbà jókòó. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Kúdí ti dé ibẹ̀. Ó di ọmọ náà lápá mú, ó gbé e dìde, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá Élà.

“Ẹ má bínú,” ló wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. “Ìyá rẹ̀ ló ń bá mi fọ abọ́. Kò mọ̀ pé kò yẹ kí òun wọ ibí.”

Ìyá Élà wojú mi. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, àánú sì kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ká ní ó tutọ́ sí mi lára, ì bá sàn. “Ẹ jẹ́ kó jókòó,” ló wí, “ọmọ tálákà, kò ṣe nǹkan kan.”

Ròkíbà wo aṣọ ìdáná tí mo so mọ́dìí. Ó wo àwo tó wà lọ́wọ́ mi.

“Mọ́mì,” ló wí, “ṣé iṣẹ́ la wá ṣe ni?”

Mo gbé àwo náà kalẹ̀. Mi ò pariwo. “Àlejò ni èmi náà,” ni mo wí fún gbogbo wọn, lédè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀. “Iye tí ẹ san ni mo san. Ìyá obìnrin yìí àti ìyá mi jọ ń lọ sí mọ́sálásí ni. Kì í ṣe Kéètì lorúkọ rẹ̀. Kúdíràtù ni.”

Ṣíbí kan dún nínú ife. Kúdí ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí tó fi tẹ̀ lé mi dé ilé ìdáná tó sì ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti kúrò lójú rẹ̀.

“O tú mi síta lójú àwọn tí mo fi ń jẹun,” ló wí. “Ṣé o mọ bó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó gbà láti jẹ ẹyin lọ́wọ́ mi? Wọ́n á gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, wọ́n á wá, wọ́n á rí ojú mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á padà. Ìwọ dé lánàá, o bà á jẹ́ lónìí. Kó ẹrù rẹ.”

“Àǹtí Kúdí, ọmọ mi lẹ fi ṣe ẹlẹ́yà.”

“Kó ẹrù rẹ.”

Ohun tó ń sọ yé mi, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n yẹ ife wò lọ́wọ́ ẹni. Yíyé tó yé mi yẹn ò jẹ́ kí n rí èébú kankan bú u. Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí ọkọ mi àti Àbídì padà dé tí a sì jáde, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn náà la gbà. Àbídì sunkún òkun títí a fi dé ibùdókọ̀ ojú irin. A dúró lábẹ́ òrùlé kékeré kan níbẹ̀, aṣọ wa rin gbingbin, ọkọ mi sì fi kóòtù rẹ̀ bo àwọn ọmọ. Kò sọ fún mi pé “mo wí bẹ́ẹ̀.” Títí dòní, mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Inú ọkọ̀ la wà tí ìyá mi pè. Ọjọ́ náà kì í ṣe Jímọ̀.

“Kí lo ṣe fún ọmọ Àlájà?”

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Kúdí ti ṣàlàyé. Ó ní ọmọ rẹ lọ ń jẹ oúnjẹ àlejò lórí tábìlì wọn, ó kàn ní kó dìde, ìwọ wá dìde lójú gbogbo ayé, o sọ̀rọ̀ sí i bí ẹrú. Lẹ́yìn tó gbà ọ́ sílé!”

“Irọ́ ni, Màámi. Ó ní ọmọ-ọ̀dọ̀ òun ni mí.”

“Bó bá ní o bá òun fọ abọ́, kí ló gé lára rẹ? Ṣé ìwọ kì í fọ abọ́ ni?” Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn rẹ̀ máa ń ṣe bó bá fẹ́ sọ ohun tó máa dunni. “Nígbà tí ẹsẹ̀ mi dá, tí mi ò lè dìde, ta ló ń wẹ̀ fún mi? Àlájà Sídí ni. Ìwọ tí mo bí wà níbẹ̀, ò ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá.”

Ọkọ̀ ń lọ, òjò ń ṣàn lójú fèrèsé.

“Jímọ̀ tó ń bọ̀,” ló wí, “Àlájà máa wà lọ́dọ̀ mi. Kúdí náà máa wà lórí fóònù. Wàá bẹ̀ ẹ́ lójú wa. Bí o ò bá ní bẹ̀ ẹ́, má pè mí mọ́.”

Ọkọ mi ní kí n má ṣe é. “O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀,” ló wí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo pe ìyá mi ní ọjọ́ kejì, kò gbé e. Mo tún pè é lọ́jọ́ kẹta, kò gbé e. Mo wá pe aládùúgbò rẹ̀ ní Òkè-Sopẹn, ó ní ìyá mi ò lọ sí àṣàlátù mọ́, ojú ń tì í láti pàdé Àlájà, ó kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ ni, kì í fẹ́ẹ́ jẹun. Ilé wa dákẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá ń bu omi sára àwọn ìyá arúgbó wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ ìyá mi ni mò ń rí.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, mo gbé fóònù sórí àga, mo fi ìwé gbè é lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Ojú ìyá mi jáde, ti Àlájà Sídí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì fi ìborùn funfun borí. Kúdí wà lápá kan, nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó ń nu ife.

“Àǹtí Kúdí,” ni mo wí, “ẹ má bínú.”

“Mi ò gbọ́,” ni Kúdí wí. Kò gbójú sókè.

“Kúnlẹ̀, ọma mi,” ni ìyá mi wí. Ó ń bẹ̀ mí ni. “Àgbà ni. Kò ní pa ọ́ lára.”

Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo tún un sọ. Mo ní ẹ̀mí èṣù ló gbé mi, mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí, tí Ròkíbà wọlé láti iléèwé. Ó wò mí, ó wo fóònù. Ó rọra sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó wá síbi tí mo wà, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó sì tẹrí ba.

“Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!” ni Àlájà Sídí ké. “Àlàmúdùlílàì!” Ìyá mi pàtẹ́wọ́, omi ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ó ti tán,” ni Kúdí wí. “Àlejò mi ti dé.” Apá ibi tó wà lórí fóònù ṣú.

Mo di ọmọ náà lápá mú, mo fà á dìde. “Ìwọ kọ́,” ni mo wí fún un. “Má kúnlẹ̀. Ìwọ kọ́.”

“Mọ́mì,” ló wí sí mi létí, “kí la ṣe?”

Ìyá mi ṣì ń wò mí láti Òkè-Sopẹn. Ó ti nu ojú rẹ̀, ó ń retí kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín fún un.